Bàbá ẹni ọdún 74 ṣì ń wakọ̀ láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu: kí ni ká tún ṣe, kí ni ká dín kù?

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá wa ti pé ọdún 74. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ń gbé, oko àti ilé ẹbí wọn sì wà ní Kétu, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n máa ń wakọ̀ lọ. Toyota Corolla 2005 ni ọkọ̀ náà, oníjíà ọwọ́. Ohun tí à ń rí rèé: tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á ní iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ ń fọ́ àwọn lójú. Ọrùn wọn kò yí dáadáa mọ́. Zem (alùpùpù èrò) tó bá gba ọwọ́ ọ̀tún wá, ìgbà tó bá kọjá tán ni wọ́n ń rí i. Orúnkún òsì ń dùn wọ́n tí wọ́n bá ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Òpó ẹnu géètì ilé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi ẹ̀yìn ọkọ̀ gbá a láàárín oṣù mẹ́ta. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo glibenclamide fún àtọ̀gbẹ.

Àwọn kan nínú ẹbí ní ká gba kọ́kọ́rọ́. Bàbá ní ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn, ẹsẹ̀ àwọn ló gé yẹn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá wa dá ẹjọ́ ẹbí. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣeé tún ṣe lára ọkọ̀, ohun tó yẹ kí dókítà yẹ̀ wò, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó àkókò kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sì sọ fún mi pé ká máa gbàdúrà. Àdúrà ń lọ.

MẹkáníìkìPọ́bẹ̀

Àbúrò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò gba kọ́bọ̀: dígí ìwẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń to dígí ẹ̀gbẹ́ débi pé ara ọkọ̀ tiwọn ló gba ìdajì ohun tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀. Ara ọkọ̀ yín kò lè gbá yín, zem ló lè gbá yín.

Kí Bàbá jókòó síbi awakọ̀, kí wọ́n gbé orí ti fèrèsé òsì, kí wọ́n wá ti dígí òsì síta títí tí ara ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ̀ sí àárín, kí orí wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, kí wọ́n ṣe dígí ọ̀tún bákan náà. Tí wọ́n bá padà jókòó gbọin, ara ọkọ̀ kò ní hàn nínú dígí kankan. Á kọ́kọ́ dà bí ẹni pé nǹkan sọnù, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta ó ti mọ́ wọn lára. Ẹ dán an wò nígbà tí ọkọ̀ dúró: kí ọmọ kan máa ti alùpùpù bọ̀ láti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Bó ṣe ń kúrò nínú dígí àárín ló yẹ kó máa wọ dígí ẹ̀gbẹ́, bó sì ṣe ń kúrò nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ló yẹ kí igun ojú ti gbá a mú. Ibi tó bá ti pòórá, ibẹ̀ náà ni zem yóò ti pòórá lójú títì.

Bí ọrùn kò bá yí rárá, ẹ ra dígí róbótó kékeré tí ikùn rẹ̀ yọ síta, èyí tó fẹ̀ tó 5 cm, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun ìsàlẹ̀ dígí ẹ̀gbẹ́ lápá òde. Kí Bàbá mọ̀ pé ohun tó bá hàn nínú rẹ̀ sún mọ́ wọn ju bó ṣe rí lọ. Bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀ ni dígí yẹn ń sọ, kì í sọ bó ṣe jìnnà tó.

Ìjókòó. Láti àyà dé àárín sítíárìn kò gbọdọ̀ dín sí 25 cm, nítorí àpò afẹ́fẹ́ inú sítíárìn máa ń bú jáde kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn àgbà tí ara wọn ti ń sún kì máa ń sún mọ́ iwájú jù kí ẹsẹ̀ lè débẹ̀. Ìjókòó ni kí ẹ gbé sókè fún wọn. Ojú gbọ́dọ̀ ga ju òkè sítíárìn lọ ní bíi 8 cm. Bí ìjókòó kò bá gbéra, ẹ fi tìmùtìmù tó le sí i. Tìmùtìmù rírọ̀ á jẹ́ kí ara yọ́ lọ sábẹ́ bẹ́líìtì bí wọ́n bá tẹ búréèkì lójijì. Egungun ìbàdí ni bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ ń gbé lé, kì í ṣe ikùn.

Iná iwájú ni ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ike ni ojú iná ọkọ̀ 2005, oòrùn wa á sì ti sọ ọ́ di rúsúrúsú. Díẹ̀ ni iná tó ń jáde, èyí tó jáde náà fọ́n káàkiri. Ẹ fi téèpù bo ọ̀dà ara ọkọ̀ yí i ká, ẹ rin pépà oníyanrìn nọ́ńbà 800 sínú omi, ẹ fi ha á ní ọ̀nà kan ṣoṣo títí tí rúsúrúsú yẹn á fi tán. Ẹ tún fi 1500 ha á, lẹ́yìn náà 2000. Á dà bíi pé ẹ da wàrà sí i. Ẹ má bẹ̀rù, ìpara tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà ọkọ̀ ni yóò mú un mọ́. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ kánmọ́kánmọ́ ń fò ni fáníìṣì tó ń dènà oòrùn. Bí ẹ kò bá fọ́n ọn sí i, oṣù díẹ̀ ni iná yóò padà sí àwọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá sì rí omi nínú iná, tàbí tí dígí tó ń dán nínú rẹ̀ bá ti jóná, kò sí pépà tó lè tún ìyẹn ṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ to ojú iná. Ilẹ̀ tó tẹ́, afẹ́fẹ́ táyà pé, ẹnìkan jókòó síbi awakọ̀, ọkọ̀ kọjú sí ògiri ní 10 m. Ẹ wọn gíga àárín iná láti ilẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gíga yẹn sí ògiri, ẹ fa ìlà kejì sí 10 cm nísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá tan iná kúkurú, orí ìlà kejì ni ìmọ́lẹ̀ ti gbọ́dọ̀ gé. Apá ọ̀tún nìkan ló ń gòkè díẹ̀, torí ọ̀tún là ń gbà. Ọkọ̀ tó bá wá láti Japan tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni tirẹ̀ ń gòkè sí, ojú àwọn tó ń bọ̀ ló sì ń tan iná sí. Odidi iná ni ẹ óò pààrọ̀ níbẹ̀.

Fún búréèkì, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń pè ní frein: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀marùn-ún títí á fi le, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Tí kò bá rì, servo, ìyẹn ohun tó ń bá ẹsẹ̀ fi kún agbára búréèkì, kò ṣiṣẹ́ tàbí páìpù rẹ̀ ti ya. Ọ̀dọ́ lè fi agbára tẹ irú búréèkì bẹ́ẹ̀ kó má tiẹ̀ mọ̀. Ẹsẹ̀ ẹni ọdún 74 kò ní agbára yẹn.

Táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT ni ọjọ́ orí rẹ̀. 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Èyí tí wọ́n kó dé láti òkè òkun lè dán bí tuntun kó sì ti gbó nínú.

Tọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, kí ni gbogbo wàhálà pépà yìí? Ọṣẹ ìfọyín á fọ iná yẹn mọ́. Kí wọ́n wá ju gúlóòbù LED sí i, alẹ́ á dọ̀sán.

MẹkáníìkìPọ́bẹ̀

Ọṣẹ ìfọyín ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí kò sí fáníìṣì. Ti LED ló burú. Ilé iná tí wọ́n ṣe fún gúlóòbù onírin ń retí ìmọ́lẹ̀ láti ojú kan pàtó, níbi tí okùn inú gúlóòbù wà. LED kò jókòó sí ojú ibẹ̀ gan-an, ìmọ́lẹ̀ á wá fọ́n sókè. Ẹni tó ń wà á á rò pé òun ń ríran, torí iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Ibi tó jìnnà, tí tírélà tó bàjẹ́ dúró sí láìní iná, ló ṣókùnkùn sí i. Ẹ ra irú gúlóòbù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ti àtijọ́, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan gíláàsì rẹ̀. Tí kò bá tún mọ́lẹ̀ tó, ẹ jẹ́ kí oníná ọkọ̀ wọn iná mànàmáná ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bátìrì yẹ kó fún wa ní bíi 14 V. Tí gúlóòbù bá gba ohun tó fi ju ìdajì volt dín sí ti bátìrì, wáyà ilẹ̀ tàbí ojú ìsopọ̀ wáyà mìíràn ló ti dípẹtà.

Nọ́ọ̀sìKétu

Iná ọkọ̀ dára, ṣùgbọ́n ojú ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá ti pé 60, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ti ọmọ ogún ọdún lọ. Tí cataracte, ìyẹn kí ẹyinjú ṣú nínú bíi kùrukùru, bá tún wà níbẹ̀, iná tó ń bọ̀ á fọ́n ká nínú ẹyinjú bí ìgbà tí oòrùn bá dígí tó dọ̀tí. "Iná ń fọ́ mi lójú lálẹ́" ni gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn, tí wọ́n á sì máa bú àwọn tó ń tan iná gígùn. Iṣẹ́ abẹ cataracte ń yanjú rẹ̀. Kí wọ́n má ra awò aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń tà fún alẹ́ o, ṣe ló ń dín ìmọ́lẹ̀ tí kò tó tẹ́lẹ̀ kù.

Èyí tó ń ba èmi lẹ́rù ni glaucome. Irú tó wọ́pọ̀ kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀, àárín á sì mọ́ kedere títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹni tó ní in á ka lẹ́tà ara ògiri dé ìsàlẹ̀, zem ọwọ́ ọ̀tún ni kò ní rí. Ṣé ẹ ti rí ìdí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ di gbogbo rẹ̀ lé ọrùn lórí? Lọ́dọ̀ dókítà ojú, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta ní orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí: acuité (bí ojú ṣe mú tó), tension (ìfúnpá inú ẹyinjú), àti champ visuel (bí ìwò ṣe fẹ̀ tó). Ní Yúróòpù, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ilé gbọ́dọ̀ ní acuité 5/10 pẹ̀lú ojú méjèèjì pọ̀, kí ìwò rẹ̀ sì fẹ̀ tó 120° láti òsì dé ọ̀tún. Ẹ fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé kí ẹ tó lọ, ẹ ní kí Bàbá ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti 20 m lójú ọ̀sán. Ohun tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè nìyẹn.

Oògùn. Àwọn páálí oògùn tó ti Faransé wá, tí a ń rà ní ilé egbòogi, ní àmì onígun mẹ́ta tí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Aláwọ̀ ìyeyè, bíi pupa inú ẹyin adìyẹ, ìpele 1: ṣọ́ra. Aláwọ̀ ọsàn, ìpele 2: bi dókítà kí o tó wakọ̀. Pupa, ìpele 3: má wakọ̀ rárá. Ẹ kó gbogbo oògùn Bàbá sórí tábìlì, ẹ wá àmì yìí lára páálí kọ̀ọ̀kan. Oògùn inú agbọ̀n ọjà kò ní páálí, kò sì ní àmì. Oògùn ọ̀fìnkìn àti ti ara yíyún tó ń mú oorun wá ló máa ń bọ́ sọ́wọ́ àgbà láìròtẹ́lẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i padà tàbí tó fi kún un, kí wọ́n fi sítíárìn sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí wọ́n á fi mọ̀ bóyá òòyì ń kọ́ wọn.

Glibenclamide ló le jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, torí ó lè já ṣúgà wálẹ̀ lójijì, kí ọpọlọ dàrú kí ẹni náà tó fura. Kí wọ́n wọn ṣúgà kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì-méjì lójú ọ̀nà. Tí kò bá tó 0,90 g/L, kí wọ́n jẹun ná. Tí ó bá wà lábẹ́ 0,70, tàbí tí òógùn bá bo wọn tí ọwọ́ ń gbọ̀n: kí wọ́n yà sẹ́bàá ọ̀nà, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n jẹ ṣúgà oníhóró mẹ́ta, ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún un wọ̀n. Lẹ́yìn tó bá ti padà sí ipò, ìṣẹ́jú 45 mìíràn ni kí wọ́n dúró kí wọ́n tó wakọ̀, torí ọpọlọ máa ń pẹ́ ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ibi tí ọwọ́ tó ni ṣúgà yẹn gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe búùtù. Tí wọ́n bá sì jẹ́ mùsùlùmí, ìrìn ọ̀sán nínú oṣù ààwẹ̀ lórí oògùn yìí kò ṣeé ṣe. Kí dókítà tún oògùn wọn tò kí oṣù tó wọlé.

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. A kò mọ̀ pé àmì wà lára páálí rí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí aláwọ̀ ọsàn lára ọ̀kan. Àwọn kan ní ká ra ọkọ̀ tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ nítorí orúnkún. Ṣé ó dáa?

Olùkọ́AutoÉcole

Ó dáa fún orúnkún, ó sì léwu fún ẹni tó ti fi ogójì ọdún tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ òsì á wá kílọ́ọ̀ṣì, yóò bá búréèkì, yóò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ á sì dúró gbàgà kí tẹ̀yìn tó mọ̀. Tàbí kí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ọ̀tún tẹ tọ́rọ́tù nígbà tí ẹ̀rù bà á. Ìyẹn ló ń gbé ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù oníṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, kí wọ́n ti ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, sábẹ́ ìjókòó, kí wọ́n má gbé e kúrò níbẹ̀. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ń jókòó sílẹ̀ níwájú búréèkì. Ìka ẹsẹ̀ nìkan ló ń yí lọ sí tọ́rọ́tù tó sì ń yí bọ̀. Bàtà tó ní okùn lẹ́yìn ni o, kì í ṣe sílípáàsì. Kí wọ́n fi pápá gbalasa kọ́ ọ ní ìdajì wákàtí lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tó jáde sí títì. Jíà tó wà ní D (iwájú) tàbí R (ẹ̀yìn) ń fa ọkọ̀ lọ láìtẹ tọ́rọ́tù, nítorí náà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn nínú ọgbà ilé, búréèkì nìkan ni kí wọ́n máa fi darí rẹ̀.

Ti òpó géètì, mi ò tíì rí ohun tó dín owó ju èyí lọ: kí wọ́n fi ẹ̀yìn wọlé ní ọ̀sán, nígbà tí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń tọ́ wọn sọ́nà, kí wọ́n lè fi iwájú jáde láàárọ̀. Ẹ kun òpó náà ní funfun, ẹ lẹ téèpù tó ń tan mọ́ ọn ní gíga bọ́ńpà.

Ọ̀nà ńkọ́? Láti Àjàṣẹ́ sí Kétu, àríwá lẹ ń lọ, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ń wà, ó rọrùn. Ọ̀nà Kútọnu ló yàtọ̀: tí wọ́n bá kúrò ní Kútọnu láàárọ̀, ojú oòrùn ni wọ́n ń kọ, tí wọ́n bá sì kúrò ní Àjàṣẹ́ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, ojú oòrùn náà ni. Kí ìrìn Kútọnu bọ́ sí àárín ọjọ́. Ti Kétu, kí wọ́n gbéra ní aago mẹ́jọ, kí wọ́n sinmi ní Ìṣàkẹ́tẹ́ àti ní Pọ́bẹ̀, kí wọ́n sì sùn níbẹ̀ kí wọ́n padà lọ́jọ́ kejì. Lílọ àti bíbọ̀ lójúmọ́ kan ló ń sọ aago mẹ́fà di aago mẹ́jọ alẹ́.

Àlàfo: ní 80 km/h, ọkọ̀ ń jẹ bíi 22 m láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ń pẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan sí i kó tó tẹ búréèkì ti fi 22 m ṣòfò kí búréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ọkọ̀ iwájú bá kọjá òpó iná kan, kí Bàbá ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí wọ́n bá dé òpó náà kí ẹ̀rin tó pé, wọ́n ti sún mọ́ jù. Lójú òjò, kí wọ́n kà á dé mẹ́jọ.

Yíyà sí òsì, níbi tí ènìyàn ti ń dá ọ̀nà àwọn tó ń bọ̀ kọjá, ni àgbà máa ń ṣì jù, torí ó gba kí a díwọ̀n eré ọkọ̀ mìíràn. Kí wọ́n kọjá lọ sí rond-point (oríta róbótó) tó wà níwájú, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n wá fi ọ̀tún yà. Tí wọ́n bá sì fẹ́ yà sọ́tùn-ún, kí wọ́n ti tan iná ìyàsí láti 30 m, kí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ etí ọ̀tún. Bí àlàfo tó tó ti zem bá kù níbẹ̀, zem á wọ̀ ọ́.

ỌmọÒkèSábẹ̀

Lórí àkókò tó yẹ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹnìkan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn fún ìdajì wákàtí, kó pa ẹnu mọ́, kó kọ sílẹ̀: ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹlòmíràn fọn fèrè sí wọn, ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n gorí ìlà, ṣé wọ́n rí dos-d'âne (gegele tó ń dín eré ọkọ̀ kù) kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó ń tẹ búréèkì tí kò sí níwájú rẹ̀. Ìwé yẹn wúlò ju àríyànjiyàn lọ. Kí wọ́n ṣìnà ní ọ̀nà tí wọ́n ti ń rìn láti ogún ọdún, ìyẹn nìkan tó láti dúró kí wọ́n sì rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn. Tí ẹ kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹ sanwó wákàtí kan fún auto-école (ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀). Ọkọ̀ wọn ní búréèkì méjì, olùkọ́ á sì sọ ohun tó rí láìsí pé ọmọ ló sọ ọ́ fún bàbá. Ọmọ kì í pàṣẹ irú èyí fún bàbá. Dókítà tàbí ẹgbẹ́ wọn ni kí ó sọ ọ́.

Kí ẹ sì má gba kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú alẹ́ kúrò ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà òjò, lẹ́yìn náà ọ̀nà jíjìn, kí ọjà Ouando àti mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò jẹ́ èyí tó kù. Ẹ ṣírò owó epo, ìnṣọ́ránsì, àyẹ̀wò ọkọ̀ àti táyà ọdún kan, ẹ pín in sí ìrìn Kétu mẹ́rìnlélógún. Ẹ wò ó bóyá iye tó ń bọ́ sórí ìrìn kan lè háyà ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ fún òòjọ́, tí Bàbá á jókòó síwájú, tí wọ́n á sì máa pàṣẹ ibi tí wọ́n máa yà sí. Ohun kan kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ọkọ̀ bá ti lọ tán, ọ̀pọ̀ àgbà á padà sórí alùpùpù àtijọ́ tó wà ní gàráàjì. Ọrùn tí kò yí nínú ọkọ̀ kò ní yí lórí alùpùpù, kò sì sí irin tó yí wọn ká. Ẹ ti yọ kọ́kọ́rọ́ ìyẹn náà.

ỌmọÀjàṣẹ́

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà ojú ni àkọ́kọ́, a ó gba ọjọ́ lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, ìbéèrè kan ló kù: nígbà tí a bá ń to iná sí ògiri, ṣé ká kó ẹrù Kétu sínú búùtù ni, àbí kó ṣófo?

MẹkáníìkìPọ́bẹ̀

Kó ṣófo, kí bọ́tìnnì kékeré tó ń gbé ojú iná sókè-sódò, tó wà lápá òsì sítíárìn, wà ní 0. Lọ́jọ́ tí iṣu Kétu bá kún búùtù, ẹ̀yìn á rì, iwájú á gbéra, ìmọ́lẹ̀ á sì lọ sójú àwọn tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni ẹ óò yí i sí 2 tàbí 3. Tí kò bá sí bọ́tìnnì náà lára tiyín, ẹ dín iṣu kù.